Wọ́n mú mi fún ètò ìrànwọ́ òfin fún àwọn aláìní: kí ni kí n mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àgbà tó wà níbí. Mo wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn. Kílíníìkì òfin ilé-ẹ̀kọ́ wa yan àwa mẹ́fà tí a óò fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí ran àwọn tí kò lówó agbẹjọ́rò lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta ni ètò náà, wọn yóò máa fún wa ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ díẹ̀, a ó sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ olùkọ́ wa kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ la ó máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agódi, ọjọ́ kan sí àgọ́ ọlọ́pàá, a ó sì fi ọjọ́ tó kù gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó bá wá bá wa ní ọ́fíìsì.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa béèlì, inú ìwé ni mo ti kà á. Mi ò bá ẹni tó wà lẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí irú èmi mọ̀, kí n má baà lọ fi àìmọ̀kan mi dá kún ìyà ẹni tí ìyà ti ń jẹ tẹ́lẹ̀?

Agbẹjọ́rò Òkè-Àdó

Àbúrò mi, o kú oríire. Ìbéèrè tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ yẹn, ó yẹ kí àwa tí a ti ń wọ wíìgì láti ọdún mẹ́rìndínlógún náà máa bi ara wa.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí àṣẹ rẹ pin sí. Ní Nàìjíríà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ni òfin fún láṣẹ láti dúró níwájú adájọ́ kí ó gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin sọ̀rọ̀ ní kóòtù bí ọ̀gá rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Má ṣe pe ara rẹ ní agbẹjọ́rò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yóò sì máa pè ọ́ ní "lọ́yà mi" láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tí omi ń gbé lọ kò ní béèrè irú igi tó rí dì mú. Ìwọ ni kí o tún un ṣe fún wọn ní gbogbo ìgbà, bó tilẹ̀ sú ọ.

Èyí kò sọ iṣẹ́ yín di kékeré. Ìjọba dá Àjọ Ìrànwọ́ Òfin sílẹ̀ ní 1976, òfin tuntun tó ń darí rẹ̀ sì jáde ní 2011, ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò tó wà níbẹ̀ kò lè kárí àwọn tó nílò wọn. Òfin 2011 náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní kí Àjọ náà máa kọ orúkọ àwọn kílíníìkì òfin tó ń ṣe ìrànwọ́ ọ̀fẹ́ sínú ìwé kan. Ẹ bi olùkọ́ yín bóyá tiyín wà níbẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́, ìyẹn ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, èyí tó di ₦70,000 ní 2024. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀ pé Àjọ yóò gba ẹjọ́ rẹ̀, ẹ wádìí iṣẹ́ tó ń ṣe àti iye tó ń rí níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń dúró dè yín ní Agódi kì í ṣe àríyànjiyàn òfin. Àwọn tó ju ìdajì lọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ yìí ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. Adájọ́ ti fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní béèlì, wọn kò kàn rí onídùúró ni. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè kàn, ẹ̀sùn tí kóòtù májísíréètì kò láṣẹ láti gbọ́. Májísíréètì á ní kí wọ́n fi wọ́n pamọ́ ná, kí ọlọ́pàá sì fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ fún ìmọ̀ràn. Fáìlì náà á kúrò ní àgọ́, kò sì ní dé iléeṣẹ́, tàbí kí ó dé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rìn láti àgọ́ dé iléeṣẹ́, tó mọ nọ́ńbà fáìlì náà àti tábìlì tó wà, tó sì mú èsì wá fún ọ̀gá rẹ̀, ti ṣe ju ẹni tó mọ gbogbo ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lórí lọ.

Ẹ fi ojú ara yín ka abala 35 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 dáadáa kí ẹ tó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibẹ̀, kí ó má sì ju ọjọ́ méjì lọ bí kò bá sí nítòsí, àyàfi bí kóòtù bá rí i pé ó yẹ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó ní ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tí wọn kò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì gbọ́dọ̀ gba ìtúsílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn tàbí láìsí àdéhùn, títí ẹjọ́ yóò fi wáyé. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka keje abala náà yọ ẹni tí ìjìyà ẹ̀sùn rẹ̀ jẹ́ ikú kúrò nínú ọ̀rọ̀ oṣù méjì yìí. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo wà ní ipò tí o wà yìí, ṣèlérí ìtúsílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìdigunjalè kàn nítorí pé mi ò ka ẹ̀ka keje. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì tán lára mi.

Ọmọ Akúngbá Tẹ́lẹ̀

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ni mo fara mọ́. Ní yunifásítì Akúngbá ni mo ti ṣe tèmi, ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ ní kílíníìkì òfin lẹ́yìn tí NULAI, àjọṣepọ̀ àwọn kílíníìkì òfin yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ọ̀rọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù.

Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́wọ̀n kì í rántí ọjọ́. Bí o bá bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n mú un, yóò dá ọjọ́ kan fún ọ kí ó má baà dà bí òpùrọ́ lójú rẹ. Ohun tó rántí ni kí o gbà bi í: ṣé àwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, àbí wọ́n ti túnu àwẹ̀? Ṣé òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀? Ṣé àgbàdo tuntun ti jáde? Ṣé àwọn ọmọ ti wọlé ẹ̀kọ́ padà? Lẹ́yìn náà ni kí o wá ìwé tó lè jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ló wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀: ọjọ́ tí ọlọ́pàá mú un, ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé kóòtù, àti ọjọ́ tó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Èmi kọ ọjọ́ kóòtù sí ibi tí ó yẹ kí n kọ ọjọ́ ìmúni sí fún ọkùnrin kan tó jẹ́ vọkanáísà. Ọ̀gá wa fi í búra nínú ìwé ìbúra, agbefọ́ba sì tú àṣìṣe náà fó níwájú adájọ́. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ọkùnrin náà sì lo ọ̀sẹ̀ méje sí i nítorí kálàmù mi.

Má ṣe fi "ṣé ìwọ lo ṣe é?" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bi í nípa ìyá rẹ̀, nípa iṣẹ́ rẹ̀, nípa ẹni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Onídùúró inú ìdáhùn yẹn ni ó ti máa jáde, nítorí pé bó bá ti ń sọ ìtàn ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni yóò máa rántí pé ọ̀gá náà ní ilé ní Mọ́níyà.

Bí ẹni náà kò bá gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ṣe lo ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́jọ́ kan náà ṣe ògbufọ̀. Ní kóòtù, Ìwé Òfin fún un ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọgbà ẹ̀yin ni ẹ ó wá tiyín. Ẹ sì má ṣe gbé ohun tó sọ fún yín lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára, kódà bí ẹ bá yí orúkọ padà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ, ó sì na ààbò náà dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé agbẹjọ́rò àti ògbufọ̀. Abẹ́ agbẹjọ́rò yẹn ni kí ẹ wà pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ má lọ máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́wọ̀n bí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò nídìí ìwé ní kóòtù májísíréètì. Mo rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń padà lọ́wọ́ òfo.

Wọ́n ń wá lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé nígbà tí kóòtù kún bámúbámú, wọ́n ń béèrè fáìlì "Adébáyọ̀". Adébáyọ̀ wo? Ẹ mú nọ́ńbà ẹ̀sùn wá, àti ọjọ́ tí ẹjọ́ kẹ́yìn wáyé, àti nọ́ńbà kóòtù. Ẹ wá lọ́wọ́ ọ̀sán, lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti dìde. Kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ tó wà nínú ìwé wa kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ìyá ọmọ náà sọ ọ́. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lè kọ Akíntọ́lá sí "Akintola", kí akọ̀wé tó tẹ ìwé ẹ̀sùn kọ ọ́ sí "Akintolu", kí ìwé àṣẹ tó gbé e lọ sẹ́wọ̀n sì wí pé "Akin Tola". Mo rí ẹni tí adájọ́ ti tú sílẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó jáde, nítorí pé orúkọ inú ìwé ìtúsílẹ̀ àti ti inú ìwé ọgbà kò bára mu. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ náà sílẹ̀ lójú ìwé kan, kí agbẹjọ́rò yín lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n tún un ṣe kí ọjọ́ ìtúsílẹ̀ tó dé.

Lórí onídùúró, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá kóòtù, tí wọ́n ń fi ìdúró ṣòwò. Ìwé ilẹ̀ wọn kì í ṣe tiwọn, bí ẹni tí wọ́n dúró fún bá sì sá lọ, a kì í rí wọn mọ́. Bí ohun tí adájọ́ béèrè bá ju agbára ẹbí lọ, ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí agbẹjọ́rò padà lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé obìnrin kò lè dúró fún ènìyàn, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ẹ̀sùn Ọ̀daràn ti 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn o. Èkó ti ṣe tirẹ̀ ní 2007, àwọn ìpínlẹ̀ wa yòókù náà sì ti ṣe tiwọn, nítorí náà ẹ rí i pé ti Ọ̀yọ́ ni ẹ mú lọ́wọ́ bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn. Iye ọjọ́ àti nọ́ńbà abala kì í bára mu láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó kí wọ́n tó wá fáìlì. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó tó bàbá yín, ẹ padà wá lọ́la.

Ìyá Oníṣu Bódìjà

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí. Èmi kì í ṣe ará òfin, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gba ọmọ mi sílẹ̀, nítorí náà mo ní ọ̀rọ̀ sọ.

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n wá. Àwọn àkọ́kọ́ kọ orúkọ ọmọ mi, wọ́n bi mí ní ìbéèrè títí omijé fi bọ́ lójú mi, a kò sì rí wọn mọ́. Àwọn kejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn kẹta dé, mo fẹ́ lé wọn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ní, "Mà, a kò tíì rí nǹkan kan ṣe, a kò rí fáìlì." Ó tún padà wá lọ́sẹ̀ kẹta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ "a kò tíì rí nǹkan ṣe" yẹn ni ó jẹ́ kí n tún máa sùn. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ wá sọ pé kò sí nǹkan.

Ẹ má sì wọ aṣọ dúdú àti funfun yín wá sílé wa. Àwọn aládùúgbò rò pé kóòtù rán wọn wá kó ẹrù mi nítorí gbèsè. Títí di òní, ẹnì kan ṣì wà tí kò tajà fún mi láwìn mọ́.

Agùnbánirọ̀ ní Àkúrẹ́

Mo wà nínú ẹgbẹ́ ìrànwọ́ òfin àwọn agùnbánirọ̀ báyìí, nítorí náà n óò sọ èyí ní ṣókí. Owó ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún yín lè pẹ́ kó tó dé, ẹ má fi gbogbo ọkàn gbé e. Ẹ jọ máa wọ mọ́tò ní méjì-méjì. Ó dín ewu kù, ó sì jẹ́ kí ẹnì kan máa gbọ́ ohun tí èkejì gbàgbé láti kọ.

Lójú tèmi, ẹ má gba ẹjọ́ gbèsè rárá. Yóò gba gbogbo àkókò yín, ẹni tó sì yẹ kí ẹ ràn lọ́wọ́ nínú ẹ̀wọ̀n á wà níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò Òkè-Àdó

Agùnbánirọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n níbí mi ò gbà pẹ̀lú rẹ. Lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá èyíkéyìí kí o ka ìwé àwọn tí wọ́n tì mọ́lé. Wàá rí i pé gbèsè ni ó gbé ọ̀pọ̀ dé ibẹ̀: ẹni tó gba ọjà láwìn, ẹni tí ẹgbẹ́ àjọ ń lé, ẹni tó yá owó lórí fóònù. Òfin 2015 sọ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí gbèsè tàbí nítorí pé ó yẹ àdéhùn, ó sì tún kọ̀ pé kí wọ́n mú ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìyẹn, tó sì pe olùkọ́ rẹ̀ lórí fóònù kí olùkọ́ náà bá Dípíò, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ náà, sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lè mú ènìyàn jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, láìsí ìwé kan ní kóòtù.

Ẹni tí wọ́n jẹ lówó náà sì lè jẹ́ tálákà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, Èkó dá kóòtù ẹ̀sùn kékeré sílẹ̀ ní 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ènìyàn sì lè lọ síbẹ̀ láìní agbẹjọ́rò. Ibùdó ìlàjà àwọn ará ìlú tún wà níbẹ̀ láti 1999. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, bíi ìtọ́jú ọmọ àti ìwà ipá nínú ilé, ẹ má ṣe dá a gbé ní Ìbàdàn nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn ní kílíníìkì òfin àwọn obìnrin láti 2007.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, Mà. Mo ti ka ẹ̀ka keje abala 35 lẹ́ẹ̀mẹta láti àná. Ìbéèrè kan ṣì kù: bí ẹni tí kò mọ̀wé bá ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí onílé tàbí sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, ṣé mo lè kọ ọ́?

Agbẹjọ́rò Òkè-Àdó

O béèrè ohun tí àwọn agbẹjọ́rò pàápàá ń gbàgbé. Òfin kan wà láti ayé òyìnbó amúnisìn, tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá kọ ìwé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sórí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́, kí ó kà á fún oníǹkan ní èdè tó gbọ́, kí ẹni náà tó buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ̀ka. Bí èyí kò bá sí lórí ìwé, ó lè fa àríyànjiyàn ní kóòtù. Nítorí náà, kọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí olùkọ́ rẹ rí i kí ó tó jáde. Nígbà tí o bá sì ń kà á fún un, ka gbogbo rẹ̀. Má ṣe sọ ọ́ ní ṣókí. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan dá mi dúró láàárín kíkà pé, "Mi ò sọ pé ó lù mí o. Ó ní òun máa lù mí ni." Èmi ni mo fi ẹnu ara mi kún un.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà. Ẹ̀dà méjì.

Ìyá Oníṣu Bódìjà

Ọmọ mi, ọjọ́ wo lẹ máa ń lọ sí Agódi? Ọmọ àbúrò mi kan wà níbẹ̀ láti ìgbà Iléyá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin

Mà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín obìnrin fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, bí ẹ ṣe ń pè é nílé àti bí ó ṣe wà nínú ìwé kóòtù bí ẹ bá ní in lọ́wọ́. Mi ò tíì jẹ́ agbẹjọ́rò, Mà, olùkọ́ wa ni n óò gbé e fún. Ṣé kí Iléyá tó dé ni wọ́n mú un, àbí ẹ ti pa àgbò kí wọ́n tó wá?

Ìyá Oníṣu Bódìjà

A ti pa á. Ẹran rẹ̀ ṣì wà lórí iná nígbà tí wọ́n dé.